Ilà Funfun Ara Ọkọ̀ Bàbá

Àgọ́-Ayọ̀, etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
16 Oṣù Kẹfà, 2024.

Adéfẹ́mi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìkòròdú ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún tó máa ń dùn wọ́n nígbà òjò ti tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn sọ ọ́.

Fábíyìí gbé fọ́tò rẹ dé nígbà tó ta ẹja rẹ̀ tán ní Èbúté Ìkòròdú. Háà! Ṣé ìwọ rèé? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún, ọrùn ti ki, ikùn ló kọ́kọ́ wọ inú fọ́tò kí ìwọ fúnra rẹ tó wọlé. Mo gbé e ká gbogbo àgọ́. Mo fi han ìyàwó pásítọ̀. Mo fi han àwọn tó ní ẹni tó bá lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, eegun nìkan ló ń gbé bọ̀ wálé. Mo ní kí wọ́n wá wo eegun.

Bàbá rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na fọ́tò náà sí oòrùn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ṣé ọkọ̀ mi á gbé ẹni yìí?"

O mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ ní oṣù Kọkànlá. Lọ́dún tó kọjá o kò wá. Ọmọ Fábíyìí ló bá wa jókòó ní ìdí ọkọ̀, òun ló tu èmi àti bàbá rẹ àti ọrẹ ìkórè wa sọdá sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé mi ò bí ọkùnrin kankan sílé ayé. Ojú tì mí. Àkọ́bí ilé ló ni ìjókòó yẹn. Ilà funfun tí bàbá rẹ fi ọ̀dà fà sára ọkọ̀ lọ́dún tí ìwọ kọ́kọ́ di àjẹ̀ mú níbẹ̀ ṣì wà, kò tíì parẹ́. Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé pẹ̀lú ẹrù, ibi ilà yẹn ni omi gbọ́dọ̀ mọ. Bí omi bá bò ó, ẹnìkan á sọ̀kalẹ̀, o sì mọ̀ pé kì í ṣe ọrẹ Ọlọ́run la máa gbé sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀rín ni mo fi ń sọ o. Máa jẹun rẹ. Ẹja gbígbẹ wà lọ́wọ́ Fábíyìí fún ọ. Má fi tẹlifóònù dà mí láàmú mọ́, àfi kí n gun orí àtẹ ẹja kí o tó gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń ké fún odindi àgọ́. Lẹ́tà ni kí o kọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọlákẹ́.


Ìkòròdú,
30 Oṣù Kẹfà, 2024.

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òjò, ẹ kú èéfín ẹja. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní mo ní kí wọ́n máa fi orúnkún yẹn sinmi. Ẹja dé. Mujeeb, ọmọ Ìwó tí a jọ ń gbé yàrá, tó dúró tì mí nínú fọ́tò, ní òórùn rẹ̀ ti jẹ́ kí òun mọ̀ pé ilé wa wà ní etí omi.

Ìròyìn kan wà. Àwọn kan wá láti yunifásítì sí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì wa. Àwa ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bí a ṣe wúwo sí, ohun tí a ń jẹ, àti ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹni tó bá wù ló ń bá wọn ṣe é, mo sì gbà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Balqees ní kí n gun òṣùwọ̀n. Mo gùn ún. Ó wò ó, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ kí n tún un gùn, bí ẹni pé òṣùwọ̀n ló ń parọ́. Nọ́ọ̀sì Balqees ní mo ti wúwo jù fún gíga mi.

Ó wá bi mí ohun tí mo ń jẹ. Mo ní bisikíìtì tó bá ti fọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa, òun ni mo fi ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lálẹ́, búrẹ́dì tàbí ìrẹsì. Ó ní ẹ̀fọ́ ńkọ́? Mo ní mo máa ń rí i lọ́jà. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ṣàlàyé fún mi pé bí irin ṣe ń dógùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà ni inú ara wa ń ṣe díẹ̀díẹ̀. Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀fọ́, èso àti epo pupa tí wọn kì í jẹ́ kó tètè rí bẹ́ẹ̀. Antiọ́sídáǹtì lorúkọ wọn, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu láti pè é. Ó ní èèyàn lè sanra kí ara rẹ̀ má sì ní wọn, pé ọ̀tọ̀ ni kí ikùn kún, ọ̀tọ̀ ni kí ara rí oúnjẹ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ. Wọ́n á tún padà wá wọ̀n wá ní oṣù Kẹwàá, kí wọ́n lè mọ ẹni tó yí padà.

Mọ́mì, kí n má parọ́ fún yín, bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ wa, ńṣe ni mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ọ̀yà. Mo fẹ́ dín oúnjẹ kù. Ìjókòó ìdí ọkọ̀ yẹn, tèmi ni, mi ò fẹ́ kí ọmọ Fábíyìí tún bá mi jókòó síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Adéfẹ́mi.


Àgọ́-Ayọ̀,
7 Oṣù Keje, 2024.

Adéfẹ́mi,

Mo kí ọ. Ìkíni náà parí síbẹ̀.

Ta ló ní kí o gbé ẹ̀jẹ̀ fún wọn? Ẹ̀jẹ̀ tí èmi fi oṣù mẹ́sàn-án pò pọ̀, o yọ apá síta, o ní kí wọ́n máa fà á! Wọ́n sì tún ní ò ń dógùn-ún. Ṣé ìwọ̀ ẹja ni ọ́ ni? Mo ka lẹ́tà náà fún bàbá rẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún mú. Wọ́n ní ìwọ̀ tí èèyàn bá ń fi epo pa, kì í tètè dógùn-ún, pé òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Mo ní ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n wà, tèmi tàbí ti nọ́ọ̀sì?

Nítorí èmi ni wọ́n bú. Bí wọ́n bá wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọn kò rí ẹ̀fọ́ níbẹ̀, ta ni wọ́n máa bi léèrè? Wọ́n á ní kí ni ìyá rẹ̀ ń sè. Èmi tí wọ́n ń ti Ẹ̀pẹ́ wá jẹ ọbẹ̀ márúgbó mi, tí ewé rẹ̀ dúdú kirikiri, tí pupuru tí mo fi ẹ̀gẹ́ ṣe funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Ó dára. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ ní oṣù Kẹwàá. Ìdánwò nìyẹn. Àwa náà á múra ìdánwò.

Apẹ̀rẹ̀ kan ń bọ̀ lọ́wọ́ Fábíyìí. Ewé márúgbó tí mo ti sá wà níbẹ̀, ewúro, ìbẹ́pẹ, ọsàn wẹ́wẹ́, àti epo pupa tí n kò bu omi là. Jẹ gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n wá wo ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n má gbọ́ tiwọn lórí pé kí o fọn. Ẹni tó bá fọn lágọ̀ọ́ yìí, àìsàn ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mujeeb tí ẹ jọ ya fọ́tò yẹn, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí àjẹ̀, ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ ní Ìwó? Àánú rẹ̀ ṣe mí. Fún un ní ẹja.

Nọ́ọ̀sì Balqees, Nọ́ọ̀sì Balqees. O ti dárúkọ rẹ̀ jù fún ẹni tó kàn gbé ọ gun òṣùwọ̀n.

Ìyá rẹ.


Àgọ́-Ayọ̀,
4 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Adéfẹ́mi,

Fábíyìí ti lọ, ó ti bọ̀, ó tún ti lọ. Ọwọ́ òfìfo ló ń gbé bọ̀. Ṣé o ti gba apẹ̀rẹ̀ mi? Ṣé epo náà dà sínú ọkọ̀ ni? Tàbí nọ́ọ̀sì ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ?

Bí inú bá ń bí ọ sí mi, kọ ọ́ kí n rí i. Bàbá rẹ ń bi mí léèrè rẹ bí wọ́n bá ti jí, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn.

Fọlákẹ́.


Ìkòròdú,
18 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Mọ́mì mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Inú kò bí mi. Inú ló ń run mí.

Ẹ ní ìdánwò ni, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ yín dé, mo jókòó tì í bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ẹ̀bùn. Mo fi epo pupa sí ìrẹsì, mo fi sí ẹ̀wà, mo fi jẹ búrẹ́dì. Mo pa gbogbo ewúro pọ̀, mo sè é lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mi ò lè wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ mọ́, nítorí bọ́ọ̀sì kì í dúró lójú ọ̀nà fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Mujeeb ń ti ìta bi mí pé, "Adé, ṣé ìwé lò ń kà nínú ṣáláńgá ni?" Ó dúró tì mí, ó po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún mi títí ara mi fi le.

Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì Balqees. Lọ́tẹ̀ yìí ó rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó ní kò sí ẹni tó ń yege, kò sí ẹni tó ń fìdí rẹmi, pé ohun tí èèyàn ń jẹ lójoojúmọ́ ni àwọn fẹ́ mọ̀. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan kò lè tan ẹ̀jẹ̀ jẹ.

Èsì àkọ́kọ́ ti dé. Mo wúwo, ẹ̀jẹ̀ mi kò sì ní èròjà yẹn tó. Mujeeb tí àánú rẹ̀ ń ṣe yín ńkọ́? Tirẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ! Ó máa ń se ẹ̀fọ́ díẹ̀ lálaalẹ́, ó máa ń jẹ ọsàn lọ́nà ibi iṣẹ́, èmi sì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ewúrẹ́ ni. Láti ìgbà náà ló ti ń yan kiri ilé. Ẹ má rò pé torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni o, ẹlòmíràn wà níbí tó tún tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ, tirẹ̀ sì burú ju tèmi lọ.

Mo ti fi bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mi ò gun ọ̀kadà mọ́. Bí ẹ bá ní ewé, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má kó o wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń tà níbí kò dùn tó tiyín.

Ọmọ yín,
Adéfẹ́mi.


Àgọ́-Ayọ̀,
8 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́. Ikùn ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún bẹ̀rù. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ pé ọbẹ̀ ìyá rẹ ló gbé ọ ṣubú.

Bá mi kí Mujeeb. Sọ fún un pé mo ti mú àánú mi padà, kó dá ẹja mi padà pẹ̀lú. Rárá o, kó jẹ ẹ́. Ẹni tó dúró ti ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, ẹbí ni.

Apẹ̀rẹ̀ á máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sà kò dára lọ́dún yìí, ẹja kò pọ̀, omi sì ti gba apá kan oko ewé mi lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n má bi mí bóyá ó kù sílé tàbí kò kù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Èmi ti rẹ gaàrí mi, mo ti mu omi lé e, ó tó mi. Tìrẹ ló ṣe pàtàkì. Bàbá rẹ ń jẹun lọ́dọ̀ àwọn apẹja ẹgbẹ́ wọn lójú omi, wọn kì í yọ mí lẹ́nu.

Bàbá rẹ ti da ojú ọkọ̀ délẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀dà tọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n gbé ilà náà sókè díẹ̀ nítorí rẹ. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n yí Bíbélì padà.

Mo gbé aṣọ ìkórè mi jáde, búbà tí wọ́n rán fún mi lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó ti fẹ̀ sí mi lọ́rùn, ó ń bọ́ léjìká. Àwọn òǹránṣọ Ẹ̀pẹ́ kò mọ iṣẹ́ mọ́. Mo ti fi pín-ìnnì mú un.

Ìyá rẹ,
Fọlákẹ́.


Ìkòròdú,
20 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Mọ́mì mi,

Ẹ bá mi yọ̀! Nọ́ọ̀sì Balqees àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti padà wá. Mo gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní kí n tún un gùn. Mo ti fọn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ mi ti dára sí i, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí mo ń jẹ, mo sì ń ka apẹ̀rẹ̀ yín fún un bí ẹni ń ka oríkì. Ó ní kí n kí yín, ó ní ìyá mi gbìyànjú. Ẹ rí i pé kò sí ẹni tó bú yín.

Ṣùgbọ́n n kò tíì padà sí bí mo ṣe wà nígbà tí Bàbá fa ilà yẹn. Nígbà náà, mo tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ máa ń ní kí n má jókòó níbi tí atẹ́gùn wà. Mo ṣì wúwo ju ti ìgbà náà lọ, kí n má tan ara mi. Ẹ̀rù ilà yẹn ń bà mí. Bí omi bá bò ó lójú gbogbo ìjọ, èmi á lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé yín dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Fábíyìí ló máa gbé mi wá ní àbámẹ́ta tó ṣáájú ìkórè.

Adéfẹ́mi.


Ìkòròdú,
17 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ìyé mi,

Ẹ jẹ́ kí n pè yín bí mo ṣe ń pè yín nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mọ́mì yẹn, Ìkòròdú ló kọ́ mi.

Ẹ kú ìkórè. A dúpẹ́ pé Ọlọ́run gbọ́ ti wa. Mo mọ̀ bí inú yín ṣe dùn. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, Bàbá níwájú, ẹ̀yin láàárín pẹ̀lú ẹrù ìkórè, èmi ní ìdí, gbogbo èèyàn tó wà létí omi ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ilà. Kò bò. Ó yọ sókè gedegbe. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyàwó pásítọ̀ ní, "Adéfẹ́mi, Ìkòròdú ti wẹ̀ ọ́ mọ́!" Bàbá ní tiwọn kàn ń wo ara ọkọ̀. Èmi ń wú bí búrẹ́dì. Mo tù wá sọdá, mi ò mí hẹlẹ rárá.

Inú ọkọ̀ Fábíyìí ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí mo ń padà nítorí iṣẹ́ alẹ́, kó tó yé mi. Ìyé, mo ní mo ṣì wúwo ju bí mo ṣe wà nígbà tí wọ́n fa ilà yẹn. Bàbá kò yí padà. Ẹrù ìkórè ọdún yìí kò kéré sí ti tẹ́lẹ̀, èmi ni mo gbé e wọ inú ọkọ̀. Ó yẹ kí omi kan ilà náà, kó tilẹ̀ bò ó díẹ̀. Ta ló wá kù nínú ọkọ̀?

Mo rántí pé ẹ̀yìn yín ni mo kọjú sí. Mo rántí pín-ìnnì léjìká búbà yín. Ẹ ní òǹránṣọ ni. Mo rántí pé nígbà tí mo di ọwọ́ yín mú láti fà yín gòkè ní èbúté ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì rò pé èmi ni agbára mi ti pọ̀ sí i.

Ìyé, ewé tó ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, inú ìkòkò ta ló ti ń kúrò? Ẹja tí ẹ ní kò pọ̀ ńkọ́? Ẹ pa òwe fún mi pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Òwe yẹn kò ní kí àgbà má jẹ rárá. Ó ní kó jẹ, kó wá ṣẹ́ kù. Inú mi bàjẹ́, mi ò lè fi pamọ́ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ tèmi tó dára yìí, ó dà bíi pé tiyín ni mo gbà.

Mi ò gba apẹ̀rẹ̀ mọ́, àfi bí ẹ bá kọ ohun tí ẹ̀yin náà jẹ sí mi.

Ọmọ yín,
Adé.


Ìkòròdú,
1 Oṣù Kejìlá, 2024.

Ìyé mi,

Apẹ̀rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà kò bá a wá. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Mo sì mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá dá apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ̀ padà ti bú u. Ṣùgbọ́n mo ń dá a padà. Kò ṣófo o. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀wà, ẹyin, ọsàn. Mujeeb ló ra ọsàn, ó ní kí ẹ má ṣàánú òun, kí ẹ jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì Balqees ní kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń jẹ́ kí àgbà fọn, pé kí ẹ lọ fara hàn dókítà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyé, ẹ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí.

Adé.


Àgọ́-Ayọ̀,
15 Oṣù Kejìlá, 2024.

Adéfẹ́mi, ọmọ tó ń dá apẹ̀rẹ̀ padà,

Mo kí ọ. Mo kí Mujeeb. Ọsàn rẹ̀ dùn.

Òótọ́ ni, inú bí mi. Mo gbé lẹ́tà rẹ ti ìkórè sábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò kà á fún bàbá rẹ. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ náà padà dé, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń sunkún. Bàbá rẹ ló tú u, wọ́n sì ka lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé èwo ni ọ̀rọ̀ fífọn. Mo fa èkejì yọ lábẹ́ ìrọ̀rí fún wọn.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti rí i láti ọjọ́ ìkórè? Wọ́n ní àwọn rí i pé ilà náà yọ jù, àwọn sì rò pé ojú àwọn ló ti ń ṣú. Wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, èmi ń jẹun lójú omi, mi ò béèrè ohun tí ìwọ ń jẹ nílé." Nígbà náà ni wọ́n dìde, wọ́n dáná. Adé, ọkùnrin tí kò da omi sínú ìkòkò rí! Wọ́n se tẹ̀tẹ̀ rẹ. Iyọ̀ rẹ̀ lè pa odò. Mo jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Dókítà yẹ̀ mí wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, èmi náà yọ apá síta, má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀, wọn kò rí àìsàn mìíràn. Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n ní kí n máa jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà wí, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì rẹ wí. Gbogbo yín ti gbìmọ̀ pọ̀.

Mo rò pé bí ìwọ bá ti ń jẹ ẹ́, èmi náà ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ó ń yó mi bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ara ni kò mọ̀.

Láti ìgbà náà, bó bá ti di àbámẹ́ta, bàbá rẹ á ní kí n wá jókòó sínú ọkọ̀ ní èbúté. Wọ́n ti kó òkúta sínú rẹ̀ dípò ẹrù ìkórè. Dípò tìrẹ, àpò yanrìn ńlá kan ni wọ́n gbé sí ìdí ọkọ̀, wọ́n ní ó jọ ọ́ nínú fọ́tò yẹn gan-an. Àwọn ará àgọ́ á tò sétí omi, wọ́n á máa kí i pé, "Adéfẹ́mi, ẹ kú iṣẹ́!"

Àná ni a jókòó gbẹ̀yìn. Bàbá rẹ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti ojú omi dé ilà. Ó ku ìka méjì kí omi kàn án.

Apẹ̀rẹ̀ á wá, á sì padà. Ohun tó bá bá a wá ni kí o jẹ, ohun tí o bá fi dá a padà ni màá jẹ. Sọ fún ilé-iṣẹ́ rẹ pé ò ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì. Àpò yanrìn kò lè di àjẹ̀ mú, èmi sì fẹ́ kí o fi ìka ara rẹ wọ̀n ón.

Èmi ni, Ìyé rẹ.